Ìbò Mi Ni, Màmá Títí Ló Ń Jìyà Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo kí yín o. Mi ò ní dárúkọ ara mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tí mo bá dárúkọ, ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sabon Gari máa dá mi mọ̀ kó tó ka ìlà kejì. Bóyá wọ́n á tiẹ̀ dá mi mọ̀ náà ni, mi ò mọ̀.

Ẹrù kan ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà ìdìbò kánsẹ́lọ̀ tó kọjá. Ọkọ mi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀. Mo ṣe ohun kan níkọ̀kọ̀, wọ́n sì gbé e ru ẹlòmíràn, èmi náà sì ń wò ó. Wíwò nìkan kọ́, mo bá wọn gbé e rù ú. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, obìnrin náà fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ láti tọrọ àforíjì fún ohun tí kò ṣe. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀ kó tó di ìgbà yẹn, mi ò rò pé mo tún lè sọ ọ́ láyé mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni tiwa. Àwọn tó bá mọ Kano mọ̀ pé kì í ṣe ìsìn nìkan là ń lọ ṣe níbẹ̀. Hausa là ń sọ lọ́jà, Pidgin là ń sọ fún aládùúgbò, àwọn ọmọ tí a bí gan-an, tí o bá bá wọn sọ Yorùbá, Hausa ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Tó bá wá di Sọ́ńdè, a máa bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a máa wọ sùtánà, èdè wa á sì tún dùn lẹ́nu wa títí ìsìn á fi parí. Ẹni tí wọ́n bá kẹ̀yìn sí níbẹ̀, kò sí ibòmíì tó fẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Nígbà ìdìbò náà, ọmọ ìjọ wa kan jáde du ipò kánsẹ́lọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bùrọ́dà Kọ́lá. Ó lówó, ó ní tírélà tó ń kó tòmátì àti àlùbọ́sà lọ sí Èkó, ọkọ mi ló sì ń wa ọ̀kan nínú wọn. Àmì ìkòkò ni ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ń lò. Wòólì wa dúró níwájú ìjọ, ó ní ọmọ wa ni, ó ní kò gbọdọ̀ sí àtàǹpàkò kan nínú ilé Ọlọ́run yìí tó máa tẹ ohun mìíràn yàtọ̀ sí ìkòkò. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ohùn mi sì ròkè dáadáa.

Ẹni tó ń bá a du ipò náà ni Hajiya Làdí, obìnrin Hausa kan tó ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì. Àga ni àmì ẹgbẹ́ tirẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ò mọ̀ ọ́n ju orí pósítà lọ. Èmi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a ṣì ń gbé ní Hotoro, lápá ibòmíì ní Kano, wàhálà ṣẹlẹ̀ nílùú, ìjọba sì ní kí ẹnikẹ́ni má jáde tọ̀sán-tòru. Ọkọ mi wà lọ́nà Èkó. Ní ọ̀sán gangan ni ìrọbí mú mi. Kò sí mọ́tò, kò sí kẹ̀kẹ́, ẹ̀rù ò jẹ́ kí àwọn ará ilé wa yọjú síta. Hajiya Làdí, aládùúgbò wa kí òun náà tó kó wá sí apá ibí, ló gba àgbàlá dé àgbàlá títí ó fi wọlé tọ̀ mí. Nígbà yẹn, ìkíni nìkan ló wà láàárín wa. Ó ń sọ fún mi pé, "Sannu, sannu, ki daure," pé kí n rọ́jú, bẹ́ẹ̀ ló sì ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn títí ọmọ fi bọ́. Ìwọ́ ti wé mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, ojú rẹ̀ ti dúdú. Hajiya tú u, ó gbá a lẹ́sẹ̀, ọmọ ké. Ìrètí la sọ ọ́. Ó ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí, ó ga jù mí lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ẹni tó tú okùn kúrò lọ́rùn ọmọ mi wá dúró síwájú mi pé òun fẹ́ ìbò, kí n wá fò ó? Mi ò lè ṣe é. Kí n sì má purọ́ fún yín, oore yẹn nìkan kọ́. Mi ò fẹ́ràn Bùrọ́dà Kọ́lá. Níwájú àwọn ọmọ wa, "dírẹ́bà" ló máa ń pe ọkọ mi, bí ẹni pé wọn ò sọ ọ́ lórúkọ rí. Inú ti ń bí mi sí i tipẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ síta. Kọ́lá ló ni tírélà, tírélà náà là ń jẹ. Mo wá rò ó pé ìkọ̀kọ̀ sáà ni ìdìbò. Màá ṣe àmín pẹ̀lú wọn, màá lọ tẹ ohun tó wù mí, èmi àti Ọlọ́run la jọ máa mọ̀ ọ́n. Mi ò rí ẹni tí ìyẹn máa pa lára.

Òróró ni mi ò rò mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, Wòólì ní kí gbogbo ẹni tó ní káàdì ìdìbò kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó da òróró ólífì sínú abọ́ funfun kan, ó gbàdúrà sí i, a sì ń ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní a ò gbọdọ̀ nù ún, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkankan, títí a ó fi tẹ̀ka. Bí a ṣe ń lọ lójú títì nìyẹn nínú aṣọ funfun, tí a na àtàǹpàkò sókè bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Ọkọ̀ ò rìn lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó rò pé òróró náà máa sọ̀rọ̀ tó bá yá.

Àwa ọmọ ìjọ tí a dìbò ní ibùdó tèmi ò pọ̀, ibòmíì ni àwọn tó kù wà. Lórí ìlà, Màmá Títí ló wà níwájú mi. Òun ni Ìyá Àdúrà wa nígbà náà, olórí àwọn obìnrin tó ń gbàdúrà nínú ìjọ. Opó ni, aṣọ ló ń rán, òun ló sì rán sùtánà fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Hotoro tí mi ò mọ ẹnì kankan, òun ló sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì tó ní kí n wá jókòó. Mo ń pè é ní Màmá, kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Títí, Títí sì fẹ́ ọkùnrin Hausa kan ní Hotoro, ó gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ò tíì dárí ìyẹn ji ìyá rẹ̀ títí di òní.

Bó ṣe kù díẹ̀ kó kàn án, ó yíjú sí mi.

"Ìyá Ìrètí, mo gbàgbé glasses sílé o. Apá ibo ni ìkòkò wa wà nínú paper yẹn gan-an?"

"Ní ìsàlẹ̀, Màmá, lápá òsì. Àga ló wà lókè rẹ̀, ẹ má lọ tẹ àga o."

"Àga kẹ̀? God forbid."

A jọ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi tó jẹ́ pé àga náà ni mo ń lọ tẹ̀.

Ó wọlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́ ojú, títí òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fi ní, "Mama, abeg do quick." Nígbà tó jáde, ó mi orí sí mi pé òun ti rí i. Ó kàn mí. Èmi ò pẹ́ rárá.

Nígbà tí ìdìbò parí, a dúró wo bí wọ́n ṣe ń kà á. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òṣìṣẹ́ á gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè kí gbogbo èrò rí i, èrò á sì máa kà á pọ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn ọkùnrin náà. Ó gbé ìwé kan sókè, ìmọ́lẹ̀ sì là á kọjá níbi tí wọ́n tẹ̀ka sí. Òróró ti mu ìwé náà bí ìwé tí wọ́n fi di kosai, àkàrà àwọn Hausa. Ẹnì kan nínú èrò pariwo pé, "Na white garment people be dat!" Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìwé tí òróró bá ti wà lára rẹ̀, wọ́n á jọ kígbe pé, "White garment!" Ìkòkò ni gbogbo wọn. Wòólì dúró láàárín wa, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé ìwé tèmi ṣì wà nínú àpótí. Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀, àmọ́ wọ́n á bi mí pé kí ló dé.

Ìwé mi jáde. "White garment!" ni wọ́n kígbe kí wọ́n tó wo ibi tí ìka wà. Òṣìṣẹ́ náà wò ó dáadáa, ó ní, "Chair." Ẹni tó kọ́kọ́ pariwo nínú èrò yẹn tún ní, "Ah! White garment don sit down for chair!" Ẹ̀rín wá sọ.

Mo wo ilẹ̀. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, gbogbo àwọn ará ìjọ wa ti ń wo Màmá Títí. Wọ́n kàn ń wò ó ni, ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nílé Hausa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí: èmi náà yíjú, mo sì bá wọn wò ó.

Bùrọ́dà Kọ́lá ò wọlé. Kì í ṣe ìbò mi ló gbé e ṣubú, Hajiya Làdí fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbò jù ú lọ káàkiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n ìbò kan yẹn ni wọ́n ń sọ. Tí ọ̀tá bá ṣẹ́gun ẹni, a lè gbé e mì. Ti ará ilé ló máa ń ta ènìyàn lára.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Wòólì pè mí sí yàrá àdúrà lẹ́yìn ìsìn. Àwọn Alàgbà kan jókòó tì í.

"Ìyá Ìrètí," ó ní, "ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn Màmá Títí lórí line. A ò fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni lásán. Kí lẹ rí?"

Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni. Tí ẹ̀rù ò bá tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ìyẹn, ó yẹ kí n sọ pé obìnrin náà ò mú awò rẹ̀ dání, pé ó bi mí níbi tí ìkòkò wà, pé mo fi hàn án. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, sà."

Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Òótọ́ sì ni, ó pẹ́ níbẹ̀. Wòólì wo àwọn Alàgbà, wọ́n mi orí. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo la ẹnu láti fi nǹkan kún un, Wòólì ti ní kí a dìde gbàdúrà. Mo bá wọn dìde, mo sì gbàdúrà.

Wọn ò lé Màmá Títí o. Wọ́n kàn ní kó lọ sinmi díẹ̀ ni, pé ara àgbà ń fẹ́ ìsinmi. Wọ́n gba agogo àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀. Wòólì wàásù lórí Júdásì léraléra. Àwọn obìnrin ò gbé aṣọ funfun lọ bá a mọ́, wọ́n ń gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan tó ń ránṣọ bí àpò ìrẹsì, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tó bá níbẹ̀ á rántí pé àwọn ní nǹkan láti ṣe níta.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti orin. Ní Sọ́ńdè kan, ó dìde láàárín ìsìn, ó dá orin bó ṣe máa ń dá a tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó dá a kọ dé ìdajì, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì jókòó. Mo mọ orin náà láti kékeré. Mi ò lanu.

Ó wá bá mi nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní, "Ìyá Ìrètí, ìwọ lo mọ̀. Ìwọ ni mo bi. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Wòólì."

Mo ní, "Mo ti sọ fún wọn, Màmá. Wọn ò gbà ni."

Mi ò mọ ibi tí irọ́ yẹn ti wá. Ó kàn rọ̀ mí lẹ́nu. Obìnrin náà dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ní Ọlọ́run ò ní gbàgbé mi, pé òun mọ̀ pé ó kù ẹnì kan tó gba òun gbọ́. Omi ojú rẹ̀ rin èjìká bùbá mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ipò Ìyá Àdúrà wá ṣófo. Ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀. Mo ní mi ò yẹ, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ mi gan-an ni àwọn rí. Agogo tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mò ń lù ú báyìí. Tó bá di Sọ́ńdè, ó máa ń wọ sùtánà rẹ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, á máa wo àwọn tó ń lọ. Mo ti mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tó gba iwájú àwọn mẹkáníìkì kọjá, ibẹ̀ ni mò ń gbà. Hajiya Làdí náà, láti ọjọ́ tó ti wọlé, mi ò tíì lọ kí i kú oríire. Ojú ń tì mí láti rí òun náà, mi ò sì mọ ìdí.

Ìdìbò mìíràn ti dé tán báyìí. Bùrọ́dà Kọ́lá tún ti jáde. Wòólì ní lọ́tẹ̀ yìí, òróró nìkan ò tó. Ó ní kí olúkúlùkù fi fóònù ya fọ́tò ìwé ìbò rẹ̀ tó bá ti tẹ̀ka tán, kó sì mú un wá fún Ìyá Àdúrà kí ó wò ó. Èmi nìyẹn. Ó ní òun mọ̀ pé mi ò ní ojúsàájú.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọrin nínú kúáyà dìde, ó ní, "Daddy, ṣé secret kọ́ ni wọ́n ní kó jẹ́ ni? Election people no go even gree make person snap am."

Wòólì rẹ́rìn-ín. "Secret fún ta ni, ọmọ mi? Ṣé a ní ohun tí a fi ń pamọ́ fún ara wa nínú ilé yìí ni? Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá clean, kí ló ń bà á lẹ́rù?"

Ìjọ ṣe àmín. Mo wo ojú wọn. Àmín tí ẹ̀rù bá ń ṣe, mo mọ̀ ọ́n tí mo bá gbọ́ ọ, torí mo ti ṣe irú rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń gbé ilé Kọ́lá ń wo òrùlé. Ìyàwó kan ń yọ́ ojú wo ọkọ rẹ̀. Ọmọ kúáyà yẹn ti jókòó, ó ń wo fóònù rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jù ú nù. Ó wá yé mi pé bóyá èmi nìkan kọ́, bóyá ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ibi tí ìka rẹ̀ fẹ́ lọ tí kò fẹ́ kí onílé rẹ̀, tàbí ọ̀gá rẹ̀, tàbí ẹni tó ń sùn tì í mọ̀. Ta ni kò ní in? Mi ò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé àga tí mo tẹ̀ nìkan ni, mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí yín rárá. Mi ò tíì kábàámọ̀ àga. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ló ń pa mí.

Ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè tó kọjá, mò ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìn ilé nígbà tí Ìrètí ké sí mi láti ẹnu ọ̀nà pé, "Mama, Mama Titi ce ta zo." Ọwọ́ mi dúró nínú ìrẹsì. Màmá Títí wọlé, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Mi ò mọ̀ pé ó ti gbó tó bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n dìde, òun ò ní pẹ́.

"Mo ti bá Wòólì sọ̀rọ̀," ó ní. "Sọ́ńdè yìí, màá kúnlẹ̀ níwájú ìjọ. Màá sọ pé èmi ni mo tẹ àga, kí wọ́n forí jì mí."

"Màmá, ṣé ẹ tẹ̀ ẹ́ ni?"

Ó wò mí títí. "Ìwọ náà? Ìwọ tí mo bi níbi tí ìkòkò wà?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́ títí, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ti rẹ̀ mí. Jẹ́ kí n bá irọ́ wọlé." Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Títí ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Hotoro. Ọkọ ẹ̀ dáa, mutumin kirki ni. Àmọ́ àwọn ọmọ wọn ò gbọ́ Yorùbá, tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á máa wò mí. Mi ò fẹ́ kúrò ní Sabon Gari kó jẹ́ Júdásì ni mo jẹ́ lẹ́nu wọn. Kí wọ́n kàn pè mí ní Màmá lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó lọ."

Ó ń bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gan-an, mi ò bínú sí i. Ìbò ẹ̀ ni. Ta ló ní kí wọ́n máa yẹ àtàǹpàkò èèyàn wò? Ṣùgbọ́n tó bá wà nínú ìjọ yẹn, tó rí gbogbo ohun tí wọ́n fi ojú mi rí, tó dákẹ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ bí onítọ̀hún ṣe ń rí oorun sùn."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, ó dé orí ahọ́n mi. Mo rí ọkọ mi tó ń fi kọ́kọ́rọ́ tírélà lé Kọ́lá lọ́wọ́. Mo rí agogo tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi. Mo rí Ìrètí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbọ́ wa. Mo gbé e mì.

Màmá Títí wá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo gbèjà mi nínú gbogbo wọn. Bá mi kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Orúnkún mi ò lè dá gbé mi dìde, ìwọ ni kóo fà mí sókè."

Mo ní, "Mo gbọ́, Màmá."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mi ò tíì lè jẹun dáadáa láti ìgbà náà. Ọkọ mi máa wọlé láti Èkó ní Sátidé, kò mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá. Àwọn kan nínú yín máa ní kí n dákẹ́, pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n á forí jì í, ọ̀rọ̀ á parí, ọkọ mi á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi náà ti sọ ìyẹn fún ara mi. Àwọn kan máa ní ẹni tí mo dìbò fún ò kan ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, kò kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, ìyá yẹn ló máa gbé e dé sàárè.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé Wòólì ni kí n kọ́kọ́ lọ bá ni, àbí ọkọ mi? Àbí kí n dìde níwájú ìjọ nígbà tó bá ti fẹ́ kúnlẹ̀? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ má fi èébú nìkan dá mi lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tọ́ sí i. Mo bẹ̀bẹ̀ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo bẹ ọkọ mi. Mo bẹ gbogbo àwọn tó ṣe àmín pẹ̀lú ẹ̀rù.

Màmá, ẹ̀yin ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa bẹ̀. Bí ẹnì kan bá ka èyí sí yín létí kí Sọ́ńdè tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀.